Bí a ṣe ń ṣe tábìlì ìjórin nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí

Orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ajórin ní Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gba Ìwó Road lọ sí Apátá yóò rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n lóṣòó ti géètì tí wọ́n tẹ́ sórí sìmẹ́ńtì tàbí sórí àgékù irin méjì, géètì náà a sì jáde dáadáa, nítorí pé ojú ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ti di òṣùwọ̀n fún un. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ nínú ilé kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè gbà á sílẹ̀ ni tábìlì irin tó tẹ́jú, nítorí pé bí tábìlì bá ti rí ni iṣẹ́ orí rẹ̀ yóò rí: bí igun kan bá fi mílímítà mẹ́ta ga ju àwọn yòókù lọ, àga tí a jó lórí rẹ̀ yóò máa mì lórí táìsì, férémù fèrèsé tí a jó lórí rẹ̀ kò sì ní wọ inú ògiri. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtẹ́jú àti igun tó wà ní sìkúwíà, ìyẹn igun tó dúró ṣánṣán ní ìwọ̀n 90, ló yẹ kí a ná owó àti àsìkò lé lórí. Nínípọn irin, ọ̀dà ara rẹ̀ àti táyà abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Tábìlì tí a ó ṣàlàyé níbí gùn ní mílímítà 1,220, ó fẹ̀ ní mílímítà 810, ó sì ga ní nǹkan bíi mílímítà 900. A kò dédé mú àwọn iye yìí. Odidi pílétì irin tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní mẹ́rin, ìyẹn mílímítà 2,440 ní 1,220. Bí a bá gé e sí mẹ́ta lọ́gbọọgba, ojú tábìlì mẹ́ta ló máa jáde láìsí àgékù tó ṣòfò, ẹni mẹ́ta sì lè dá owó jọ ra ẹyọ kan. Ní ti gíga, 900 bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó bá òun gan-an mu, kí ó dúró ṣánṣán, kí ó ká ọwọ́, kí ó wọn láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, kí ó sì yọ nǹkan bíi mílímítà 150 kúrò nínú rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ àti iná

Ilé ìgbọ́kọ̀sí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Bódìjà, ní Olúyọ̀lé tàbí ní Àkóbọ̀, ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ àti páálí sí. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ni kí ẹ kó gbogbo wọn jáde. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá bá lọ láìjẹ́ pé ojú rí i, ẹ̀ta-iná kan ṣoṣo láti ẹnu gíráíńdà tí a fi ń gé irin sì tó láti tàn án. Òfin iṣẹ́ iná ní Amẹ́ríkà ní kí gbogbo ohun tó lè jó jìnnà sí ibi ìjórin ní ẹsẹ̀ bàtà 35, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 11. Ilé ìgbọ́kọ̀sí tiwa kì í sábà gùn tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí igun kankan nínú rẹ̀ tí a lè sọ pé ó jìnnà tó. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé náà pátápátá, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jáde síta nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Ní àsìkò ọyẹ́, tí ewé gbígbẹ bá kún àgbàlá, ẹ gbá iwájú ẹnu ọ̀nà mọ́ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì gbé garawa omi àti garawa iyanrìn sí ìtòsí.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, òun ló máa ń pa àwọn ènìyàn sójú oorun nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé nítorí olè. Ìta ni kó máa gbé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tí èéfín ń gbà jáde sì kọjú sí ibi tí kò sí fèrèsé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ agbára iná. Ẹ̀rọ ìjórin kékeré tó jẹ́ ínfátà, ìyẹn irú tuntun tó fúyẹ́, bí ó bá ń jó ẹlẹ́tíróòdù (ọ̀pá ìjórin tó ń yọ́) mílímítà 2.5 ní ámpì 80, yóò máa fa ohun tó ju kVA 3 lọ láti ara iná ilé; kVA ni òṣùwọ̀n agbára iná. Tí a bá pín ìyẹn pẹ̀lú fólítì 230, ó ti kọjá ámpì 13 tí pílọ́ọ̀gì lásán lè gbà, ìdí sì nìyẹn tí ẹnu pílọ́ọ̀gì fi máa ń dúdú, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi máa ń yọ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fa wáyà mílímítà mẹ́rin láti ibi bọ́ọ̀dù wá sí ilé ìgbọ́kọ̀sí, kí ó fún un ní bírékà tirẹ̀, kí ó sì rí i dájú pé wáyà tó wọ ilẹ̀ ṣì dára. Jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e láìṣe kìràkìtà kò yẹ kó kéré sí kVA 5. Ẹ̀rọ ìjórin àtijọ́, oníwáyà kọ́pà tó wúwo bí òkúta, lè ṣe iṣẹ́ yìí náà, àmọ́ ó ń fa iná tó bẹ́ẹ̀ tí gílóòbù àwọn aládùúgbò yóò fi máa ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ a sì di ti ìpàdé láńdílọ́ọ̀dù.

Ilẹ̀ ilé ìgbọ́kọ̀sí kì í sábà tẹ́jú. Àwọn bíríkìlà a máa mọ̀ọ́mọ̀ dà á sí apá ẹnu ọ̀nà kí omi tí a fi fọ ọkọ̀ lè ṣàn jáde, nítorí náà ẹsẹ̀ tábìlì gbọ́dọ̀ ṣeé gbé sókè àti sísàlẹ̀. A ó dé ibẹ̀.

Ríra irin

Ẹ lè rí pílétì àti páìpù tuntun lọ́wọ́ àwọn oníirin ní Ògùnpa, ẹ sì lè rí bóòtì àti nọ́ọ̀tì ńláńlá ní ọjà Aráròmí ní Àgódì Gate, níbi tí àwọn onípáàtì ọkọ̀ pọ̀ sí. Ẹ lè ra àlòkù pílétì pẹ̀lú, owó rẹ̀ sì sábà máa ń rọjú, ṣùgbọ́n mi ò gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti rà á, nítorí pé pílétì tí wọ́n ti fi gáàsì gé lára ọkọ̀ akẹ́rù kì í sábà tẹ́jú mọ́, títẹ́ ẹ padà sì nira ju títún un rà lọ. Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rà láti gé ni dúrọ́ọ̀mù tàbí táǹkì tó ti gbé epo rí. Oru epo máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, gíráíńdà á sì sọ ọ́ di bọ́ǹbù.

Fún ojú tábìlì, pílétì mílímítà 8 ni mo yàn. Èyí tó jẹ́ mílímítà 6 kò burú, àmọ́ ó máa ń wọ́ bí a bá jó nǹkan tó nípọn mọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ 10 lágbára gan-an, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, gbígbé rẹ̀ sì ń fẹ́ ọkùnrin mẹ́ta. Ẹ lè fi ìwọ̀n wé wọn: ní ìwọ̀n tábìlì tiwa, 6 yóò wúwo tó kílò 46, 8 tó kílò 62, 10 tó kílò 78. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé e fún yín níbẹ̀ dípò kí ẹ fi gíráíńdà fà á nílé, nítorí ẹ̀rọ ni etí rẹ̀ fi ń gún.

Férémù àti ẹsẹ̀ jẹ́ ti páìpù onígunmẹ́rin, ínṣì méjì ní méjì, tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà mẹ́ta. Ẹ mú tépù àti kálípà, ohun tí a fi ń wọn nínípọn, dání lọ sí ọjà. Irin tí wọ́n pè ní mẹ́ta lè jẹ́ méjì àti ààbọ̀, páìpù tí wọ́n pè ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sì lè jẹ́ 18, kì í sì í ṣe pé oníṣòwò fẹ́ rẹ́ yín jẹ dandan, bí ilé iṣẹ́ ṣe gé e ránṣẹ́ ni. Àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì fún wa. Gbogbo páìpù tí a nílò jẹ́ mítà 11: méjì tó gùn ní mílímítà 1,100 fún ẹ̀gbẹ́ òkè, mẹ́fà tó gùn ní 600 fún orí òkè, fún àwọn ọ̀pá àárín méjì àti fún orí ìsàlẹ̀, méjì tó gùn ní 1,000 fún ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, àti ẹsẹ̀ mẹ́rin tó gùn ní 800. Láti ara páìpù kìíní ni ẹ ó ti gé àwọn 1,100 àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àpapọ̀ wọn jẹ́ 5,400. Láti ara èkejì ni ẹ ó ti gé àwọn 1,000 àti àwọn 600, àpapọ̀ wọn jẹ́ 5,600. Bí páìpù yín bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20, tó ń lọ bíi mítà mẹ́fà, méjèèjì yóò tó, àgékù á sì ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ 18, èkejì yóò fi díẹ̀ ju mílímítà 100 dín, ọ̀pá àárín kan yóò sì di ohun tí ẹ ní láti fi irin mìíràn ṣe.

Ẹ yẹra fún páìpù funfun tí wọ́n fi síǹkì bò, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń lò. Síǹkì máa ń hó di èéfín kí irin tó yọ́, èéfín funfun yẹn sì ń fa ibà líle lóru ọjọ́ náà, pẹ̀lú òtútù àti ẹ̀fọ́rí. Èyí kan bóòtì àti nọ́ọ̀tì pẹ̀lú: irin dúdú ni kí ẹ béèrè, bí kò bá sì sí, ẹ fi gíráíńdà họ síǹkì ojú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó jó o.

Gígé

Iṣẹ́ yìí kò gùn, àmọ́ òun ló ń gé ọwọ́ àwọn ènìyàn jù. Gíráíńdà ínṣì mẹ́rin àti ààbọ̀ tó fún un. Ara dísíìkì ni wọ́n ń kọ iye ìgbà tó lè yí ní ìṣẹ́jú kan sí: dísíìkì mílímítà 115 sábà máa ń gba 13,300, èyí tó jẹ́ 180 kò sì gbà ju 8,500 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá yọ ìbòrí gíráíńdà kékeré kí ó lè ki dísíìkì ńlá sí i ti fi dísíìkì náà sáré kọjá agbára rẹ̀, bí ó bá sì fọ́, ojú ló máa ń wá. Ẹ wo àárín dísíìkì pẹ̀lú, ọjọ́ tí kò yẹ kí a lò ó mọ́ máa ń wà lára òrùka irin rẹ̀.

Bí ẹ bá ti gé àwọn páìpù tán, ẹ tò wọ́n ní méjìméjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi ọwọ́ pa orí wọn. Àwọn tó yẹ kó dọ́gba gbọ́dọ̀ dọ́gba dé ibi tí èékánná kò ti ní kọsẹ̀. Ó sàn kí páìpù méjì jẹ́ 599 pa pọ̀ ju kí ọ̀kan jẹ́ 600, kí èkejì jẹ́ 598 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ họ ìpẹtà àti awọ dúdú ẹnu wọn kúrò títí irin yóò fi máa dán ní ibi tí a ó ti jó o.

Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kì í ṣe jẹ́sì bọ́ọ̀lù, nítorí pé jẹ́sì máa ń yọ́ mọ́ ara. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ awọ, àti ìbòjú tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 ṣe dandan. Gíláàsì dúdú tí àwọn kan ń fi jórin lẹ́bàá títì kò bo awọ ojú, kò sì dá ìtànṣán náà dúró tó. Ẹni tó lò ó yóò sùn, yóò sì jí lóru bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i lójú. Ẹni tó fi ajá bọ Ògún lánàá náà gbọ́dọ̀ wọ ìbòjú lónìí. Ẹ sì gbé páànù àtijọ́ dábùú ẹnu ọ̀nà, kí àwọn ọmọdé tó ń kọjá má baà máa wo iná náà.

Férémù

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jó férémù sórí ilẹ̀, wọn a wá gbé pílétì lé e, wọn a sì jó o yí po, pílétì náà a wá tẹ̀ lé gbogbo wíwọ́ férémù. Ẹ jẹ́ kí á yí i padà: ojú tábìlì fúnra rẹ̀ ni a ó lò bí ibi iṣẹ́, kí férémù lè mú ìtẹ́jú láti ara rẹ̀.

Ẹ tò igi mẹ́ta tó gún sórí ilẹ̀, kí ẹ tẹ́ pílétì lé wọn, kí ojú rẹ̀ tó dára jù kọjú sílẹ̀. Ẹ yá róbà omi lọ́wọ́ bíríkìlà, ìyẹn róbà tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń wo ìtẹ́jú fáńdéṣọ̀n, kí ẹ fi wo ìtẹ́jú pílétì, kí ẹ sì máa ki páálí tàbí àgékù páànù sábẹ́ igi títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi bára dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀pá tó gún láti fi wò ó bóyá àárín kò jìn. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù máa ń ní àgékù ọ̀pá tó gùn tó mítà kan àti ààbọ̀, wọn kì í sì í gba owó púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe kàn gbà pé ó gún: ẹ fi í fa ìlà sórí pílétì, ẹ yí i kí ẹ̀gbẹ́ kan náà kọjú sí òdìkejì ìlà, kí ẹ tún fà á. Bí ìlà méjèèjì bá wọ inú ara wọn, ọ̀pá náà dára. Ẹ wá gbé e dúró ní gígùn, ní fífẹ̀ àti láti igun sí igun. Bébà ìwé kan nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, torí náà bí bébà mẹ́wàá bá ti lè kọjá lábẹ́ ọ̀pá náà pa pọ̀, pílétì ti jìn ní mílímítà kan, ó sì yẹ kí ẹ ki nǹkan sí i lábẹ́.

Ọ̀nà kan tún wà láti mọ̀ bóyá pílétì lọ́. Ẹ na òwú bíríkìlà méjì láti igun sí igun, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn láàárín, kí ẹ sì fi ìṣó tó sanra bákan náà gbé wọn kúrò lórí irin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òwú òkè gbọ́dọ̀ kan ti ìsàlẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ pààrọ̀ wọn, kí tìsàlẹ̀ bọ́ sókè. Bí wọ́n bá tún kanra bákan náà, kò lọ́.

Ó wá ku kí a to férémù sórí rẹ̀. Àwọn páìpù 1,100 méjì ni yóò wà ní ẹ̀gbẹ́, àwọn 600 mẹ́rin yóò wà láàárín wọn, méjì ní orí, méjì ní inú. Férémù náà yóò jẹ́ 1,100 ní 700, etí pílétì yóò sì yọ síta ju férémù lọ ní nǹkan bíi mílímítà 55 sí 60 yí ká, ibẹ̀ ni kílàmpù yóò máa dì mú nígbà iṣẹ́. Ẹ fi kílàmpù di àwọn páìpù mọ́ pílétì. Ẹ wọn láti igun kan sí igun òdìkejì: méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1,304. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ fi òòlù gbá igun tó gùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Mílímítà kan kò ní pa iṣẹ́ lára, àmọ́ ẹ má gba méjì.

Ẹlẹ́tíróòdù 6013 tó jẹ́ mílímítà 2.5, tí àwọn ajórin ń pè ní géèjì 12, ni a ó lò, ní ámpì 70 sí 85. Ẹ kọ́kọ́ tàkì oríkèé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé kí ẹ jó o ní ẹ̀kán kékeré tí kò ju bí ẹ̀wà kan lọ láti dì í mú, kí ẹ máa fo láti igun kan sí igun òdìkejì. Ẹ ṣọ́ra kí tàkì má mú férémù mọ́ pílétì, férémù nìkan ni a ń jó. Ẹ tún igun sí igun wọ̀n. Ìgbà yìí ni àtúnṣe ṣì rọrùn, nítorí dísíìkì lè já tàkì láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Ìdí tí a fi ń ṣe sùúrù báyìí ni pé irin a máa gùn bí ó bá gbóná, a sì máa súnkì bí ó bá ń tutù. Irin tó gùn ní mítà kan a fi mílímítà 1.2 gùn sí i bí gbígbóná rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 100 (°C) lé. Ojú ibi tí a jó, tó ti yọ́ di omi, ló ń súnkì jù, ó sì ń fa páìpù wá sí apá ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Bí ẹ bá jó ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó dé èkejì, páìpù yóò ti tẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ máa jó o ní ẹ̀kán, bíi mílímítà 30 lẹ́ẹ̀kan, ẹ jó igun kan, ẹ lọ sí èyí tó kọjú sí i, ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì ti àkọ́kọ́. Kílàmpù kò gbọ́dọ̀ kúrò títí ọwọ́ lásán yóò fi lè gbé orí irin náà. Ẹ má ṣe da omi sí i kí ó lè yára tutù. A kì í kánjú pẹ̀lú irin tó gbóná. Ẹ fi òòlù kékeré họ ìdàrọ́, ìyẹn èèpo tó máa ń bo ojú ìjó, kúrò lórí ìjó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, nítorí ihò a máa fara pamọ́ síbẹ̀. Ojú férémù tí yóò kan pílétì gbọ́dọ̀ tẹ́, nítorí náà ẹ má jó apá yẹn rárá. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta yòókù tó láti dì í mú.

Ẹsẹ̀

Férémù ṣì dojú bolẹ̀ lórí pílétì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kìíní dúró sí igun rẹ̀, ẹ tàkì í ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ gbé sìkúwíà tì í láti ọ̀nà méjì, ẹ tì í títí yóò fi dúró ṣánṣán, kí ẹ tó tàkì ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ dè é mọ́ férémù fún ìgbà díẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti dúró, ẹ fi àwọn páìpù ìsàlẹ̀ so wọ́n, ní nǹkan bíi mílímítà 150 sí ilẹ̀, kí ẹ tún wọn àlàfo àárín ẹsẹ̀ ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ kí ẹ tó jó gbogbo rẹ̀. Orí àwọn páìpù yìí ni ẹ ó máa to àgékù irin sí, ìwọ̀n wọn á sì jẹ́ kí tábìlì fìdí múlẹ̀.

Fún ìdí ẹsẹ̀, ẹ gé irin pẹlẹbẹ mílímítà 50 ní 50, kí ó nípọn ní 6, ẹ lu ihò mílímítà 18 sí àárín rẹ̀, ẹ jó nọ́ọ̀tì M16 (ti bóòtì tó nípọn ní mílímítà 16) mọ́ ọn, kí nọ́ọ̀tì wọ inú páìpù, kí ẹ wá jó irin náà bo ẹnu ẹsẹ̀. Ẹ fi bóòtì tí ẹ fi òróró pa sínú nọ́ọ̀tì nígbà tí ẹ bá ń jó o, kí ooru má baà fún ihò rẹ̀ pa. Bóòtì tó gùn ní mílímítà 80, tí orí rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀, yóò fún yín láàyè tó láti borí dídà ilẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn táyà lábẹ́ tábìlì. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé tábìlì tó bá lè rìn yóò rìn nígbà tí ẹ bá ń fi agbára tẹ irin lórí rẹ̀. Bí àyè bá ṣe yín dandan, ẹ jẹ́ kí táyà wà ní ẹsẹ̀ méjì péré, lókè ilẹ̀ díẹ̀, kó má kanlẹ̀ àfi bí ẹ bá gbé òdìkejì sókè bí ọmọlanke.

Ojú tábìlì

Ẹ yí férémù padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi róbà omi àti bóòtì ìsàlẹ̀ mú un tẹ́, kí ẹ wá pe ẹni méjì láti bá yín gbé pílétì lé e. Ẹ má ṣe jó pílétì yí po. Ẹ gé áńgù irin kéékèèké mẹ́fà, ẹ lu ihò mílímítà 12 sí wọn, ẹ jó wọn mọ́ inú férémù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, kí wọ́n fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí orí férémù. Ẹ gba inú àwọn ihò yìí sàmì sí abẹ́ pílétì, ẹ lu ihò mílímítà 8.5 síbẹ̀, kí ẹ fi táàpù M10, irin tí a fi ń gé ojú ọ̀nà bóòtì sínú ihò, gé okùn sínú rẹ̀, kí ẹ wá fi bóòtì dè é láti ìsàlẹ̀. Bí bóòtì bá ti gùn jù tó sì yọ lókè, ẹ gé e kúrú. Ẹni tí kò ní táàpù lè jó o ní ẹ̀kán mẹ́fà péré, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju mílímítà 20 lọ, èyí tí gíráíńdà lè já lọ́jọ́ tó bá di dandan. Àǹfààní bóòtì ni pé ẹ lè ki àgékù páànù sáàárín férémù àti pílétì níbi tó bá jìn, ẹ sì tún lè yí pílétì padà lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan nígbà tí ojú kan bá ti bàjẹ́. Ẹ tún gbé ọ̀pá alumíníọ̀mù lé e ní gbogbo ọ̀nà kí ẹ tó mú bóòtì le, àti lẹ́yìn tí ẹ bá mú un le.

Ẹ fi réẹ́dì ọ́sáìdì, ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà, pa ẹsẹ̀ àti férémù, kí ẹ fi ọ̀dà olóròóró tẹ̀ lé e. Ojú tábìlì kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀dà rárá, nítorí pé ara rẹ̀ ni iná ìjórin ń gbà padà sínú ẹ̀rọ: ẹ jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ pílétì, ní etí rẹ̀, kí kílàmpù wáyà ẹ̀rọ máa di ibẹ̀ mú. Bí ẹ bá fẹ́ de fáìsì, irin tí a fi ń fún nǹkan mọ́ tábìlì, mọ́ ọn, orí ẹsẹ̀ kan ni kí ó wà, kì í ṣe àárín, kí agbára tí ẹ bá fi fà á lè gba inú ẹsẹ̀ wọlẹ̀.

Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin Ìbàdàn yóò mú ìpẹtà wá sí orí irin láàárín òru méjì. Ẹ fi àkísà tó ní òróró díẹ̀ nù ún nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ tó tún tan iná lé e. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà tàbí ọ̀bẹ irin họ àwọn èkúrú irin tó ta mọ́ ọn, nítorí pé èyí tó kéré bí ọkà bàbà tó láti gbé igun férémù sókè. Ẹlẹ́tíróòdù pẹ̀lú kò fẹ́ ọ̀rinrin, inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá pa ẹ̀rọ. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wo abẹ́ tábìlì àti gbogbo igun, nítorí ẹ̀ta-iná lè wà nínú àkísà fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbiná. Ní oṣooṣù, ẹ gbé ọ̀pá alumíníọ̀mù lé ojú tábìlì, ẹ yẹ àwọn bóòtì wò, kí ẹ sì tún róbà omi lò bí ẹ bá ti gbé tábìlì kúrò níbi tó wà.